Gílóòbù Tí A Fi Àáró Wá

Ní àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé tí mo ń kọ́ni ní Adó-Èkìtì, rédíò bàbá mi dákẹ́. Rédíò àtijọ́ ni, onípákó, tó ń fi báàtìrì ńlá ṣiṣẹ́. Bàbá ti rà á nígbà tó ṣì ń ṣe kátíkíìsì. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ó ti fẹ̀yìn tì sí Igbemo, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún débi pé kì í rìn kọjá ìloro. Àwọn ará àdúgbò ń pe àpótí náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bàbá kò gbà. Ó ní òun máa ń fèsì dáadáa, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni kì í gbọ́.

Gílóòbù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àwọn gíláàsì kéékèèké tó máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló kú. Mo kọ̀wé sí ilé ìtajà mẹ́ta ní Èkó. Méjì fèsì pé wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́, kí n kúkú ra rédíò tuntun. Ìkẹta kò fèsì rárá.

Ọkùnrin ará Ọ̀ṣogbo kan wà ní Òkè-Ìlá, àdúgbò kan ní Adó, tó ń tún aago ṣe. Yóò fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Òun náà fẹ́ràn rédíò àtijọ́, ó sì mọ bí a ti ń fi òjé jó wáyà pọ̀. Mo lọ bá a pé kó ràn mí lọ́wọ́. Ó yọ awò kékeré tó fi ń wo inú aago kúrò lójú.

"Tíṣà, ọ̀wẹ̀ lo wá bẹ̀ mí ni, àbí àáró?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Àáró ni, Bọ̀ọ̀dá. Ta ló fẹ́ máa gúnyán fún ọlọ́wẹ̀?"

"Ó dáa. Mo ti gbọ́ o."

Ẹni tó dàgbà sí oko kò ní yára dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á bọ́ àwọn tó wá, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá ṣe àáró, ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un ni yóò dá padà lóko ẹlòmíì. Èmi, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi; inú ìwé ni mo ti pàdé ọ̀rọ̀ méjèèjì. Létí mi, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Sáàtidé mẹ́ta gbáko la fi ṣe rédíò Bàbá ní ìsọ̀ rẹ̀. A tú u, a nù ún, a pààrọ̀ wáyà tí eku ti jẹ. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó kàn ń fi èdè Èkìtì wa ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Ẹ̀yin ará ulé, kí ni 'ilé' ṣe fún yín?" Nígbà náà ló fi rédíò tirẹ̀ hàn mí. Irú gílóòbù kan náà ló kú nínú rẹ̀.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìyìn, mo lọ sí Ìgèdè, mò ń bèèrè ilé tí rédíò tó ti kú wà. Ìfàkì ni mo ti rí ọ̀kan, lọ́wọ́ opó pásítọ̀ kan. Ó ti sọ àpótí rédíò ọkọ rẹ̀ di ibi tó ń kó ìwé orin sí. Ó kó ìwé náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sún sẹ́yìn. "Mú ohun tó bá wúlò fún ọ níbẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ti lọ." Gílóòbù kan ṣoṣo ló bá tiwa mu. Mo fi aṣọ wé e, mo fi í sínú fìlà mi títí mo fi dé Adó.

Sáàtidé kẹrin jẹ́ ti rédíò ọ̀rẹ́ mi aláago náà. N kò lọ. Ìwé ìdánwò kún orí tábìlì mi. Ìkarùn-ún náà, mo ní ìpàdé. Ó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní mò ń bọ̀. Òótọ́ ni pé n kò lọ, n kò sì fẹ́ bò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà àbúrò mi dé láti ìlú òyìnbó, níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti yan òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan láti kí àwọn ará ilé wọn lórí rédíò, ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá kò ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo ka lẹ́tà náà fún un, ó ní kí wọ́n bá òun fọ agbádá òun, bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá.

Ní Wẹ́sidé, ọ̀rẹ́ mi fi gílóòbù Ìfàkì sínú rédíò Bàbá. Ó sọ̀rọ̀! Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn, ohùn rẹ̀ dún ketekete. Àwa méjèèjì pàtẹ́wọ́. Mo fi rédíò náà sílẹ̀ kó bá mi de ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo padà lọ gbé e ní Sáàtidé. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án kí n gbọ́ ọ díẹ̀."

"Báàtìrì yẹn ti ń rẹ̀. Fi èyí tó kù gbọ́ àbúrò rẹ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó bọ́gbọ́n mu. Aago ẹnì kan ló wà níwájú rẹ̀, awò wà lójú rẹ̀, kò gbójú sókè. Mo dúpẹ́, mo wọ lọ́rì lọ sí Igbemo, rédíò wà lórí itan mi.

Ní agogo mẹ́rin ku díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti jókòó nínú agbádá rẹ̀. Mo so báàtìrì, mo tàn án. Kò sí ohùn, kò tilẹ̀ kùn. Mo yọ ẹ̀yìn rẹ̀. Gílóòbù mẹ́rin pé síbẹ̀. Mo fa ìkẹrin yọ, mo sì rí ìlà kékeré tí mo ti fi ìṣó fà sí ìdí èyí tó kú, kí n má baà ṣì í mú. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ pé mo fa ìlà náà. Òkú gílóòbù náà ló dá padà sínú rédíò.

Bàbá ń wo aago ara ògiri. Nígbà tó di agogo mẹ́rin ààbọ̀, ó bọ́ agbádá náà fúnra rẹ̀, ó ká a sórí itan.

Mo dé ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ohùn rédíò tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ojú ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá, gílóòbù Bàbá dà?"

"Gílóòbù àáró lò ń wí?" Kò dìde. "Sáàtidé mẹ́ta ni mo fún ọ, Tíṣà. Ẹyọ kan o ò fún mi. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀ṣogbo pé rédíò mi yóò sọ̀rọ̀ nípàdé wa lánàá. Ṣé kí n wá di òpùrọ́ ni?"

"Ọjọ́ iṣẹ́ la fi ń san àáró. Ta ló máa ń wọ oko alábàáró rẹ̀ lọ wa iṣu rẹ̀, torí pé kò yọjú?"

Ó yí ohùn rédíò náà wálẹ̀. "O jẹ mí ní Sáàtidé mẹ́ta."

"Mo jẹ yín. Ẹ bá sọ fún mi pé ẹ fẹ́ lò ó. Ǹ bá gbé Bàbá wá síbí, à bá jọ gbọ́ ọ."

Ó fi awò rẹ̀ sójú, ó padà sídìí aago. Mo ti wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà tirẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo lè gbà pé ó rò pé òun ní ẹ̀tọ́ sí gílóòbù náà. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ ara rẹ̀ ki òkú bọ rédíò Bàbá, ó de ẹ̀yìn rẹ̀ pa, ó sì jẹ́ kí n dúpẹ́.

Bí mo ti ń lọ, ó pè mí. "Àbúrò rẹ sọ̀rọ̀ o. Mo gbọ́ ọ. Ó ní, 'Bàbá, ẹ kú ulé o.' Ó ní ara òun le, ó ku ọdún kan kí òun padà wálé. Ó ní kí wọ́n fi usu pamọ́ de òun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín níbí, pé ó pe iṣu ní 'usu'." Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wojú mi, ó sì pa rédíò náà.

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn àpò lẹ́tà kan lójú ọ̀nà, bó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí n má baà fi tèmi kún un. Ní Sáàtidé, mo kà á fún Bàbá. Ó ní kí n tún ibi "usu" kà. Mo tún un kà.

"Ta ló bá wa gbọ́ ọ?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni, ní Òkè-Ìlá."

"Ẹni náà ṣeun. Ọmọlúàbí ni. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. N kò jẹ́ iṣẹ́ náà.