Ilẹ̀ Tó Ń Dáhùn Lábẹ́ Tábìlì Ìdoríkodò

Dọ́gba ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ táìlì tó ń ṣe. Ilẹ̀ tí ọkùnrin yìí bá tẹ́, bí o bá gbé ẹyin kalẹ̀ sáàárín rẹ̀, ẹyin náà á jókòó jẹ́ẹ́ bí àgbàlagbà tó ń dúró de oúnjẹ. Ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ nìkan ni kò dọ́gba. Ọdún gbọọrọ tó ti fi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ba ìbàdí rẹ̀ jẹ́ débi pé bó bá sín, igbe rẹ̀ á jí ará ilé kejì. Bó bá fẹ́ wọ bàtà, àfi kí ẹbí pàdé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó yáa lọ jókòó máa ta sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹ̀yìn lọ. Bí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, kí ló tún kù tó mọ̀ ọ́n ṣe?

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé tábìlì ìdoríkodò wá fún un. Irin ni, pẹ̀lú ibùsùn tóóró kan tó ń yí. Wọn á há ọrùn ẹsẹ̀ èèyàn mọ́ irin, ibùsùn á yí, orí á lọ sísàlẹ̀, ìwúwo ara á sì máa fa egungun ẹ̀yìn kúrò lórí ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, díẹ̀díẹ̀ ni o. Ẹ má yí i tán, ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ káwọ́ lé àyà, ibùsùn á gbé yín padà."

"Mo ti gbọ́."

Àbúrò kò tíì dé títì tí Dọ́gba ti fi orí kodò pátápátá bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà.

Ìyàwó rẹ̀, télọ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní pálọ̀, yọjú wò ó, ó pàtẹ́wọ́. "Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ! Bàbá ọmọ mi, kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ẹ̀yìn mi ń mí. Fi mí sílẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ táìlì yàrá náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀ wálẹ̀, ó kan ilẹ̀, ọwọ́ oníṣẹ́ kò sì mọ ìsinmi: ó ń fi oríkèé ìka kan táìlì, kó, kó, bí wọ́n ṣe ń ṣe láti mọ èyí tí sìmẹ́ǹtì kò kún abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan dún bí agbè òfìfo. Ojú tì í. Òun, Dọ́gba! Ó tún un kàn.

Ẹnìkan kàn án padà láti ìsàlẹ̀.

Pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ló ń lù létí òun. Ṣùgbọ́n bí ìró náà ti ń dún, bẹ́ẹ̀ ni ìrora ń yọ́ kúrò ní ìbàdí rẹ̀ bí òrí nínú oòrùn. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tú u, ó tún un so.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń lọ rọ̀. Níbi iṣẹ́, ó ń bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tó ń wá owó ẹyọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá?"

"Ilẹ̀ ni."

"Ṣé ilẹ̀ lẹ́nu ni?"

"Kò lẹ́nu. Ó kàn ń dáhùn ni."

Àwọn atẹ́táìlì ní ìṣe kan. Ẹni tó ń tẹ́ ẹ kì í pariwo pe ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì ní yàrá kejì; ilẹ̀ ni yóò kàn. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan gbì, dúró ni. Bó bá kàn án wàrà-wàrà, máa gbé e bọ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn kún yàrá, bó ti rọ̀ sórí tábìlì, ilẹ̀ kàn láti ìsàlẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Ọkàn Dọ́gba wà ní ilé ìdáná oníbàárà kan tó ń ṣe lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dáhùn kí ọpọlọ tó mọ̀: wàrà-wàrà. Máa bọ̀.

Etí táìlì gbéra. Òtútù bí ti kànga yọ síta. Àwọn ìka kan tẹ̀lé e, eérú-eérú, wọn kò ní èékánná. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n rọra fà á. Ó fẹ́ káwọ́ lé àyà, ọwọ́ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ ké pàkà, adùn tó gba ara rẹ̀ kọjá mú kó sunkún. Wọn kò sì dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀. Irin ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíẹ́n-kíẹ́n. Nígbà náà ló figbe ta.

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé tòun ti síṣọ́ọ̀sì. Ó bá ọkọ rẹ̀ tó ti gùn bí rọ́bà, díẹ̀ ló kù kó já. Kì í ṣe obìnrin kékeré, àga gbogbo ló mọ̀ ọ́n; ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ apá ẹsẹ̀ ibùsùn, ibùsùn yí padà, àwọn ìka náà já sílẹ̀, táìlì bò pàá.

"Ẹ po sìmẹ́ǹtì. Báyìí-báyìí."

"Ìyá ọmọ mi, ara mi ti yá pátápátá. Bí mo bá dí i, báwo ni mo ṣe máa ṣiṣẹ́?"

"Bí ẹ ò bá dí i, lọ́jọ́ tí mi ò bá sí nílé, ẹsẹ̀ yín nìkan ni màá bá lórí irin yẹn."

Ó pò ó. Ó ṣí táìlì, ó kúnlẹ̀: ihò dúdú ni, kò rí ìsàlẹ̀. Bó ti fẹ́ da sìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́, nǹkan kàn nínú ihò, lẹ́ẹ̀kan, gbì. Dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó dà á. Bó ti ń dà á ni ìrora ń padà wọlé, ó ń jókòó sí ìbàdí rẹ̀ bí onílé tó ti ìrìn àjò dé. Nígbà tí ihò kún, tó sì fi táìlì tẹ̀ ẹ́ tán, kò lè dìde.

"Gbé mi."

Obìnrin náà ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀. "Ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí burúkú ni."

"Ọpẹ́ o."

"Ilé ìdáná tí mo ń ṣe lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó máa fẹnu júwe, ẹlòmíràn á máa bẹ̀rẹ̀."

Ó dijú, obìnrin náà sì ń fà á sókè díẹ̀díẹ̀, bó bá kérora, á dúró. Bó bá dákẹ́, á tún fà á.