Ọpẹ́ Tí Mo Ṣe Kí N Tó Padà Sídìí Báàsì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí mo ṣe ru iṣu àti àkùkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè! Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán ná.

Ọdún tí ìjọba dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ni. Tíṣà ni mí n'Ìkẹ́rẹ́ níbí. Àwọn ọmọ kún kíláàsì mi débi pé ojú fèrèsé ni àwọn kan ń jókòó sí. Láti àárọ̀ dọ̀sán, "Ẹ jókòó! Ẹ dákẹ́!" ni mò ń pariwo. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ẹgbẹ́ akọrin ń pàdé, ohùn mi á ti há. Bẹ́ẹ̀ báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin, ni mò ń kọ, ó ti mọ́ mi lára láti ìgbà ọ̀dọ́. Mo ní kí n fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi. Ọ̀sẹ̀ kan bí òmíràn. Kí n tó mọ̀, iṣu tuntun ti jáde!

Ilé ìwé gba ìsinmi, ohùn mi là. Orin ìkórè ń sún mọ́lé, ó sì ń wù mí kọ bí nǹkan míì. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí! Tí mo bá ti rí ọ̀gá akọrin lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn ilé onílé ni mò ń gbà, èmi odidi tíṣà, láàárín ewé kókò!

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ wọ ẹ̀wù kí ẹ máa lọ. Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ yín?"

Mo ní kò yé e. Ẹni tó pẹ́ lẹ́yìn ṣe máa wọlé lọ́wọ́ òfo? Bí mo ṣe gbèrò ọpẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà bi mí pé kí ni kí òun sọ fún ìjọ pé mò ń dúpẹ́ lé lórí. Mo ní kí wọ́n ṣáà sọ pé Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣe fún mi.

Àṣìṣe gbáà! Ṣé ẹ mọ ìjọ wa? Ọpẹ́ tí kò bá nídìí, wọ́n á bá a wá ìdí. Kí n tó jó dé iwájú pẹpẹ, ẹnìkan ti ní ejò ló bù mí jẹ tí mi ò kú. Òmíràn ní ìbejì ló wà nínú ìyàwó mi. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú oríire! Ojú tó fi wò mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kò lè mú un mọ́ra. Ó dìde.

"Tíṣà, uṣu yìí mà pọ̀ o! Kí ló ṣe ọ́ gan-an? Àná ni mo rí ọ lẹ́yìn ulé mi, tó o lóṣòó sáàárín kókò mi. Mo ṣe bí inú ló ń run ọ́, mo bá yíjú."

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú! Ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Kí ló tún kù? Mo là á mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo ayé pé ẹgbẹ́ akọrin ni mo fẹ́ padà sí, pé ìtìjú ni kò jẹ́.

"Torí ìyẹn?" ni ọ̀gá akọrin wí. "Báàsì wa ò ju méjì lọ, ọ̀kan ń wúkọ́! Gòkè wá jàre, orin ti tó kọ."

Mo gòkè. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti ṣì í kọ. Wọn ò dúró, wọn ò wẹ̀yìn. Ńṣe ni mo sáré lé wọn bá.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ohun rere téèyàn fi sílẹ̀ kì í bínú, kì í sì í béèrè ìtanràn. Ibi tó wà náà ni kẹ́ ẹ ti mú un. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ wá ń sá fún? Ẹ sọ tiyín o, kó má jẹ́ èmi nìkan ni wọn ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílùú yìí!