Ìdáríjì Tí Stamena Tọrọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Vesela ní jàǹdùkú ládùúgbò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀! Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, èmi Zorka, aládùúgbò wọn, mọ ibi tó ti kọ́ ọ.

Stamena, ìyá bàbá rẹ̀, ló ń tọ́ ọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó rán ṣẹ́ẹ̀tì nílé iṣẹ́ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, tó bá ti mutí yó, ìyàwó ló máa ń lù. Nígbà tó sú ìyàwó, ó sá lọ sí Ítálì, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ọkọ náà bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà yẹn ni Vesela, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ sọ tinú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kan, Kalin, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìdí àwọn bàbá arúgbó ni ìyá ẹ ń nù!” Vesela gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan yọ. Ilé-ìwé ní bí ìyá Kalin ò bá dárí jì í kó tó di ọjọ́ Ajé, ilé àwọn ọmọ alágídí ni wọ́n máa gbé e lọ, níbi tó jìnnà réré. Stamena ò lè sùn mọ́.

Ọjọ́ Àìkú Ìdáríjì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà, èyí tó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Lọ́jọ́ náà, ọmọdé á fẹnu ko ọwọ́ àgbà, á ní, “Ẹ dárí jì mí.” Àgbà á ní, “Ọlọ́run ti dárí jì ọ́.”

Mo wà nílé wọn nígbà tí Stamena sọ pé, “Wọ bàtà ẹ, ká lọ bẹ ìyá Kalin.”

“Mi ò lọ.”

“Vesela, èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́.”

“Gbogbo yín ní kí n bẹ̀bẹ̀. Ta ló ti bẹ èmi rí?”

Mo fò dìde. “Wo ẹnu ẹ bí abẹ! Ìyá àgbà lò ń dá lóhùn báyẹn?”

Ṣùgbọ́n Stamena ti kúnlẹ̀, ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó fẹnu kò ó.

“Yéè! Stamena, àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀!”

“Zorka, panu mọ́.” Ó kọjú sí ọmọ. “Dárí jì mí. Tí bàbá ẹ bá ń lu ìyá ẹ, ohùn rédíò ni mo máa ń yí sókè kí n má bàa gbọ́. Mo rí ẹ lábẹ́ tábìlì. Mi ò wá gbé ẹ.”

Vesela bú sẹ́kún, ẹkún tí a ò rí lójú ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti lọ. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́. Vesela nu ojú, ó ní, “Ọlọ́run ti dárí jì yín, Màmá àgbà.” Ó wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé wọn, ìyá Kalin ṣílẹ̀kùn, kò kí wa.

“Ẹ dárí jì mí, mà,” ni Vesela wí. “Tínú bá ń bí wọn nílé wa, lílù ni wọ́n máa ń lu èèyàn. Mi ò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe.”

Obìnrin náà wò ó títí. “Ọlọ́run ti dárí jì ọ́. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ lọ. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi o, inú ń bí mi gan-an! Ẹ wọlé.”

Vesela ò wọlé. Ọwọ́ obìnrin náà ló ń wò, bóyá yóò gbá òun. Ọwọ́ yẹn fa àga kan jáde nídìí tábìlì, ó kọjú àga náà sí ọmọ náà kó wá jókòó.