Ìsó Baba Ìjọ

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ìsó ni mo fẹ́ sọ. Dókítà ni mí ní ọsibítù kan n'Ìjerò nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn tí àìsàn wọn le jù ni mo ń tọ́jú. Àwọn ọ̀gá wa ní Àkúrẹ́ a máa pe yàrá mi ní ibi ìtọ́jú pàtàkì. Ohun pàtàkì tó wà níbẹ̀ ni fáànù kan tó ń yí nígbà tó bá wù ú.

Wọ́n gbé Baba Ìjọ kan wá láti Ìjurin, ìfun rẹ̀ ti lọ́ pọ̀. A ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó yọrí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fọwọ́ kan ìfun, ó máa ń sùn. Aláìsàn kò gbọdọ̀ jẹun títí yóò fi só, nítorí ìsó ló ń fi hàn wá pé ìfun ti jí. Bí oúnjẹ bá ṣáájú, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ wá lọ ṣàlàyé ìyẹn fún ará Èkìtì! Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán wá, ó fi ìborùn bò ó.

"Dókítà, ọmọ mi, ṣé ebi lẹ fẹ́ fi pa á ni? Ẹni tí kò jẹ uyán, kí ló jẹ?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n só ná."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá òun. Mo gba iyán náà, mo ti ilẹ̀kùn.

Ìsó kò dé. Ikùn bàbá ń wú, ó ń le. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sàmì fún ọmọ mi ní Àkúrẹ́, ikùn Baba Ìjọ ẹlòmíì ni mo gbé etí lé. Ó dùn mí gan-an. Bó bá di alẹ́ tí kò tíì só, a ní láti tún ikùn rẹ̀ là, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé ara rẹ̀ kò ní gbà á.

Gbogbo ìjọ sì dúró yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, wọ́n ń gbàdúrà. Bàbá fi ìka pè mí.

"Dókítà, ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀," ó sọ ọ́ sí mi létí. "Ṣé níwájú ìjọ ni kí n ti ṣe é?"

Họ́wù! Bàbá ń pa ìsó mọ́ra! Ọkùnrin yìí fẹ́ kú pẹ̀lú iyì.

Mo ní kí ìjọ jáde. Wọ́n ní àdúrà kò tíì parí. Mo bá ní, "Ó dára, orin ni ìwòsàn yìí ń fẹ́. Ẹ kọ èyí tó ga jù, ẹ pàtẹ́wọ́ sí i."

Wọ́n gbé orin. Fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ègbè, ojú bàbá ti tú ká, ikùn rẹ̀ sì ti rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Omi bọ́ lójú mi, wọ́n rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló dákẹ́ orin. Ó fà mí lápá lọ sẹ́nu ọ̀nà, omijé kún ojú tirẹ̀ náà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́."