Abọ́ Iyọ̀ Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Ìfọṣọ

Àwọn ẹbí ní kí n kọ ọ́ pé Àǹtí mi papò dà. Mi ò ní kọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, kú ni, lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn títí orí wọn fi funfun. Orí ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà ni wọ́n kú sí. Kíndìnrín wọn méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn wá lẹ ìkéde mọ́ ògiri pé òṣìṣẹ́ àtàtà kan ti lọ sinmi. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ó dìgbà téèyàn bá kú kó tó sinmi lọ́dọ̀ yín?

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí. Èmi ni mo máa ń jókòó sí igun ìwé ìròyìn yìí tí mo ń kọ́ àwọn aláṣẹ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ, èmi tí ikùn ara mi kì í gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àǹtí kì í jẹ́ kí n gbàgbé. "Ọkọ mi, o tún ti bá gbogbo ayé jà," wọ́n á ní, "bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ nìkan ló kù tó ń bẹ̀rù ẹ, òun náà sì ti fẹ́ já." Wọ́n á gba ẹ̀wù náà, wọ́n á rán bọ́tìnnì, wọ́n á yẹ ọrùn ẹ̀wù wò, wọ́n á ní, "Kò tíì mọ́." Ohun tí wọ́n ń sọ sí gbogbo aṣọ nìyẹn. Táwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá ní aṣọ ti mọ́, wọ́n á gbé e síwájú fèrèsé, wọ́n á ní, "Tó bá jẹ́ ìyá tìẹ ló fẹ́ sùn lé e ńkọ́?" Aṣọ á padà sómi. Bí gbogbo ilé ìwòsàn ṣe ń pè wọ́n ní Àǹtí Kò-Tíì-Mọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá dókítà tó tọ́jú wọn. Mo fọwọ́ gbá iwájú ikùn mi bí ọ̀mọ̀wé, mo ní, "Dókítà, kíndìnrín tó wà níbí yìí..." Ó wò mí tàánú-tàánú. "Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ àárọ̀ yín ló wà níbẹ̀ yẹn. Apá ẹ̀yìn ni kíndìnrín wà."

Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ló ń gba inú kíndìnrín kọjá, léraléra, tọ̀sán-tòru. Kíndìnrín á sẹ́ ẹ, á dá omi àti iyọ̀ tí ara ṣì nílò padà, á fi ìyókù ránṣẹ́ síta, ìyẹn ìtọ̀. Tí omi bá pọ̀ jù lára, á tú u dànù. Tí omi bá dín kù, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí i pé kó di ìwọ̀nba tó kù mú. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ fi ń pọ́n, tí kì í pọ̀. Ara ò lè ṣe kó má ní iyọ̀, ṣùgbọ́n tí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, omi ni kíndìnrín fi ń ṣàn án jáde. "Tí kò bá wá sómi," dókítà ní, "kí lẹ fẹ́ kó fi ṣàn án?" Mo mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Mo wá bi í pé níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, torí mo ti mu odidi ìgò omi kan kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní yàrá ìfọṣọ. Omi ń hó nínú àwọn agbada ńlá, áyọ́ọ̀nù gbóná, fèrèsé kan ṣoṣo. Omi mímu wà lọ́dẹ̀dẹ̀ o, àmọ́ wọ́n fi àgádágodo ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀gá yàrá ìfọṣọ ló ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní ẹni tó bá mumi á fẹ́ tọ̀, ẹni tó bá lọ tọ̀ á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Làwọn obìnrin náà ò bá mumi nílé mọ́ kí wọ́n tó wá síṣẹ́, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, wọ́n rán ọ̀gá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ooru. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tó ń làágùn ń pàdánù omi àti iyọ̀. Iyọ̀ nìkan ni ọ̀gá gbé délé. Ó gbé abọ́ iyọ̀ kan sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí kálukú máa fìka lá a kó tó wọlé. Nínú ilé ìwòsàn o! Níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri fáwọn aláìsàn pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n máa mumi dáadáa! Àwọn obìnrin náà sì ń lá a, ọdún ń gorí ọdún. Àǹtí mi tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá pé ó rò tàwọn.

Ìgbà tí kíndìnrín Àǹtí ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, omi ò jáde, ara wọn wú. Dókítà wá ń wọn omi fún wọn bí oògùn. Jọ́ọ̀gì omi wà lórí gbogbo tábìlì wọ́ọ̀dù. "Ọkọ mi, fún mi sí i díẹ̀."

"Àǹtí, dókítà ní ó ti tó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo lè mu ún, wọ́n tì í pa. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, ara mi ló tì í pa." Wọ́n wá fa etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì síwájú iná, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. "Èyí náà kò tíì mọ́." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo déta, mo sunkún débi pé mi ò rántí ibi tí mo gbé ọkọ̀ mi sí.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá ọ̀gá yìí. Mo ti to ọ̀rọ̀ ńláńlá sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe wọlé báyìí, oru omi gbígbóná bo awò ojú mi, aṣọ kan tí wọ́n fi kọ́ ni mo kọ́kọ́ bú. Ọ̀gá ní ẹ̀yìn mi ni òun wà. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọwọ́ tiwa mọ́. A tọ́jú Màmá, ẹ wo iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

"Omi ńkọ́?"

"Omi kẹ̀? Tí gbogbo wọn bá ń mumi, ta ló máa fọṣọ?" Ìgò omi tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Obìnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó fìka kan iyọ̀, ó lá a, ó wọlé.

Ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti ẹ̀rọ omi pa? Ẹ̀yin dókítà tí ẹ ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá lójoojúmọ́, tí ẹ mọ iṣẹ́ kíndìnrín bí ẹní mowó, ẹ ò rí àgádágodo ni? Ẹ ṣí omi náà lónìí. Ẹ yẹ kíndìnrín àwọn obìnrin tó kù wò kí ara tiwọn náà tó wú. Kí ẹni tó pàṣẹ wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún wa, kì í ṣe kó lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ẹ ní ọwọ́ yín mọ́? Mo mọ ohun tí Àǹtí mi máa sọ sí i.

Kẹ́ ẹ tó fi ọlọ́pàá wá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi: mo ti jí abọ́ iyọ̀ náà. Abẹ́ ẹ̀wù ni mo gbé e sí. Iyọ̀ ń dà sí mi ní ṣòkòtò títí mo fi dédìí ọkọ̀, àmọ́ bọ́tìnnì tí Àǹtí rán kẹ́yìn ò já. Abọ́ náà ló wà lórí tábìlì mi yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi mi. Kí ẹni tó ni ín wá gbà á. Kó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi dání.