Kọ̀ǹpútà tí Màámi jókòó lé

Màámi jókòó lé orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gbé e.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti rẹ̀ mí.

Láyé ìjọba ṣọ́jà, òun ni wọ́n fi ń bá àwọn ará Ẹdẹ tẹ lẹ́tà. Ó ti kú tipẹ́. Mo pe ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù pé kó wá gbé e lọ, ni Màámi bá fìdí lé e.

"Màámi, kò tàn mọ́. Kí ló tún kù níbẹ̀?"

"Lẹ́tà àwọn tíṣà. Nígbà tí ìjọba ò san owó oṣù, èmi ni mo tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ìjọ. Mo búra fún wọn pé kò ní ti ọ̀dọ̀ mi jáde."

"Àwọn ṣọ́jà ti lọ, Màámi."

"Àwọn tíṣà ńkọ́? Ṣé a ò jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá ni?"

Onírin yẹn rẹ́rìn-ín, ó tú u, ó yọ háàdì díìsì, ibi tí gbogbo lẹ́tà náà wà, fún wọn. Màámi gbé e sórí ọlọ, wọ́n fi ọmọ ọlọ lù ú títí ó fi fọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin!

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wò mí.

"Láptọ́ọ̀pù tí ìwọ tà lóṣù tó kọjá ńkọ́? Ta ló bá ọ fọ́ tinú ẹ̀?"

Fọ́tò àwọn ọmọ mi, ìwé báǹkì mi, gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Òṣogbo tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni tiyín wà?