Ilá Inú Ìkòkò ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àṣàbí

Ìkòkò aró ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́.

Àwọn ológun tó ń kó ẹrú ti wọ ìlú wa lápá Ṣábẹ̀. Orúkọ ìlú náà, n kò ní kọ ọ́ síbí. Mo sá dé ìlú Manigri pẹ̀lú aṣọ kan àti hóró ilá ìyá mi, ilá kúkúrú tó máa ń so láti ìdí. N kò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí.

Ìyá Àṣàbí, opó kan, ló gbà mí sílé. Àwọn ará ilé ń lọ sóko iṣu, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí pápá gbalasa, ńṣe ni mo máa ń sá padà wọlé, bí ẹni pé àwọn ológun náà tún ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbin nǹkan sínú ìkòkò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ.

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Oko inú ìkòkò! Ta ni yóò máa kọ ebè níbẹ̀, eku?”

Síbẹ̀, wọ́n fún mi ní ìkòkò aró kan tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo bu iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá sí i, mo gbin ìdajì hóró mi. Ilá hù. Lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo ewé rẹ̀ gbẹ bí èyí tí iná jó. Ìyá fi ìka kan iyẹ̀pẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò.

“Omi eérú la fi ń po aró, ọmọ mi. Ó ti wọ ara amọ̀ ìkòkò náà lọ, òun ló jó ilá rẹ. Èmi ló yẹ kí n ti sọ. Hóró mélòó ló kù?”

“Mọ́kànlá, Ìyá.”

Wọ́n ní iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá kò lọ́ràá, ààtàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìn odi ìlú ni kí n lọ bù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi lọ bù ú.

“Ilá ta ni?”

“Tèmi ni, Ìyá.”

“Ó dáa, gbé agbọ̀n. Màá tẹ̀ lé ọ.”

Lọ́nà, nǹkan pariwo nínú koríko, mo ju agbọ̀n nù.

“Aparò nìyẹn,” Ìyá wí. “Ìwọ gan-an lo dẹ́rù bà á.”

A lu ihò sí ìdí ìkòkò omi mẹ́ta, a fi èéfọ́ apẹ tẹ́ ìsàlẹ̀ kí omi má baà dúró, a wá bu ilẹ̀ dúdú náà sí i. Mo gbin hóró mọ́kànlá náà, mẹ́sàn-án hù. Kò pẹ́, ata àti tẹ̀tẹ̀ kún un. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ a máa yà rà á kí wọ́n tó dáná. Àgbẹ̀ Ìkòkò ni wọ́n ń pè mí.

Lọ́dún kejì, obìnrin ará ìlú Bassila kan tó wá ra iṣu ní kí n ta hóró ilá fún òun. Mo kọ̀.

“Àgbẹ̀ Ìkòkò, ahun ni ọ́,” ni Ìyá wí.

Kì í ṣe ahun, ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ti ń di ẹrù rẹ̀, mo wo òkè: gbogbo ilá ìyá mi láyé, abẹ́ òrùlé koríko kan ṣoṣo ló wà. Iná kan ti tó láti pa á run. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ fún un.

“Èló ni?”

“Má san nǹkan kan. Ṣáà gbìn ín dáadáa, kí o sì júwe ilé rẹ fún mi. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ níbí, kí n mọ ibi tí n óò ti wá tọrọ.”